Lẹ́yìn bac: ilé-ìwé olówó gọbọi ní Kútọnu ni, àbí ti ìjọba tó wà ní Kétu?

Lọ́dọọdún, bí èsì bac bá ti jáde, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń wọ ọ̀pọ̀ ilé ní Idigny, ní Illikimou àti káàkiri ilẹ̀ Kétu. Ọmọ ti yege, wọ́n ti pa adìyẹ, ẹbí ti bá a yọ̀. Kò ní ju ọjọ́ méjì lọ, ọmọ á dárúkọ ilé-ìwé àdáni kan ní Kútọnu tàbí ní Calavi, èyí tó rí lórí Facebook: ilé alájà mẹ́ta, kọ̀ǹpútà lórí tábìlì, akẹ́kọ̀ọ́ tó wọ kóòtù tó so táì. Bàbá á ní, "Èló ni wọ́n ń gbà?" Ọmọ á dá a lóhùn. Gbogbo ilé á wá dákẹ́.

A kọ àpilẹ̀kọ yìí kí ẹbí lè mọ ohun tó yẹ kí wọ́n bèèrè kí wọ́n tó ta ilẹ̀, tàbí kí wọ́n tó sọ fún ọmọ pé kò sọ́nà. Èrò tiwa ni pé ilé-ìwé tó yẹ ọmọ ni èyí tí ìjọba mọ ìwé-ẹ̀rí rẹ̀, tí apá ẹbí sì ká owó rẹ̀ títí dé ọdún tó kẹ́yìn. Ẹni tó ṣe ọdún méjì nínú mẹ́ta, tí owó wá tán, kò ní licence ààbọ̀. Kò sóhun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nínú ètò LMD tí wọ́n ń lò nílẹ̀ wa, licence jẹ́ sèmẹ́sítà mẹ́fà àti crédit 180. Ọmọ tó dúró lórí crédit 120 lè rí ilé-ìwé mìíràn tó máa gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ṣùgbọ́n ọ̀gá wo ló máa fi crédit 120 gba èèyàn síṣẹ́?

Ohun tó wà nítòsí wa

Tí àwọn èèyàn wa bá ń sọ̀rọ̀ yunifásítì, Calavi lọkàn wọn máa ń lọ. Kò burú. Ibẹ̀ ni yunifásítì ìjọba àkọ́kọ́ nílẹ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní 1970, nígbà tí a ṣì ń jẹ́ Dahomey. Orúkọ Université d'Abomey-Calavi (UAC) wá dé ní 2001, ní ọdún tí wọ́n dá ti Paraku sílẹ̀. Ṣùgbọ́n a máa ń gbàgbé pé yunifásítì wà ní Kétu tiwa níbí.

Ní 2013 ni ìjọba dá yunifásítì iṣẹ́ ọ̀gbìn sílẹ̀ ní Kétu. Ní 2016, nígbà tí wọ́n tún ètò àwọn yunifásítì ìjọba tò, ó di Université Nationale d'Agriculture, èyí tí a ń pè ní UNA. Oríkò rẹ̀ lọ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), èyí tó dun ọ̀pọ̀ ará Kétu, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló kó lọ. Ní Kétu ni wọ́n ti ń kọ́ nípa ọ̀gbìn àti irúgbìn, nípa ẹran sísìn, nípa igbó àti igi. Ní Sakété, níbi tí kò jìnnà sí wa, wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú ohun oko àti bí a ṣe ń sọ ọ́ di ọjà mìíràn. Wọ́n máa ń yí orúkọ àti ipò àwọn ẹ̀ka wọ̀nyí padà lóòrèkóòrè, nítorí náà ẹ wo ìwé ìtọ́sọ́nà ti ọdún yìí gan-an, ẹ má fi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wọlé lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn ṣe ẹ̀rí.

A mọ ohun tí ọmọ á sọ: "Bàbá, ẹ fẹ́ kí n kàwé títí kí n tún padà sí oko?" Ìbéèrè gidi ni, kò yẹ kí àgbà fi ariwo pa á. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ẹni tó ń roko àti ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa irúgbìn, àrùn ẹran tàbí ẹ̀rọ ìfún-òróró, iṣẹ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ wo kajú. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 ni ìjọba ti dá títa kajú tútù sílẹ̀ òkèèrè dúró, kí wọ́n lè máa fọ́ ọ, kí wọ́n sì máa sè é nílé, ní pàtàkì ní agbègbè ilé-iṣẹ́ Glo-Djigbé. Irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ò lè ṣe láì ní ẹni tó mọ bí a ṣe ń yẹ ojúlówó èso wò, bí a ṣe ń gbẹ ẹ́, bí a ṣe ń tọ́jú ẹ̀rọ. Ọmọ Idigny tó ti ń ṣa kajú láti kékeré ti ní ohun kan lọ́wọ́ tí ọmọ Kútọnu ò ní.

Ṣùgbọ́n tí ọmọ bá fẹ́ jẹ́ agbẹjọ́rò tàbí olùṣírò owó, ẹ má fi ipá tì í sínú ọ̀gbìn nítorí pé ó sún mọ́lé. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba mìíràn wà: ENEAM ní Kútọnu fún ìṣirò owó àti ìṣàkóso, EPAC ní Calavi fún iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ilé kíkọ́, ENS ní Àjàṣẹ́ fún ẹni tó fẹ́ di olùkọ́, INJEPS fún eré ìdárayá, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìlera ní Kútọnu àti Paraku. Ti ìjọba ni gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹbí máa ń sáré lọ san owó ńlá fún ìṣirò owó ní ilé-ìwé àdáni, tí wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé ọmọ ì bá ti wọ ti ìjọba pẹ̀lú máàkì tó ní.

Bí wọ́n ṣe ń wọ ilé-ìwé ìjọba

Lórí ìkànnì apresmonbac.bj ni. Ọmọ á to àwọn filière tó fẹ́ ní ẹsẹẹsẹ, wọ́n á wo máàkì rẹ̀ nínú àwọn iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì fún filière náà, wọ́n á sì sọ ibi tí wọ́n fi í sí àti ipò tó wọlé: bóyá pẹ̀lú bourse, bóyá pẹ̀lú ìrànwọ́ díẹ̀, bóyá "à titre payant", ìyẹn ni pé òun fúnra rẹ̀ ló máa san owó. Ẹ ṣọ́ra fún ipò kẹta yìí. Àwọn kan rò pé gbogbo ohun tó bá ti jẹ́ ti ìjọba, ọ̀fẹ́ ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kan tó ń fi máàkì yan ọmọ, owó titre payant lè sún mọ́ ti ilé-ìwé àdáni.

Ohun tó ń ba ọ̀ràn jẹ́ jù níbi ni ọjọ́. Wọ́n máa ń ṣí ìkànnì náà fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn èsì, wọ́n á sì tì í. Ọmọ tó jókòó sílé tó ń retí kí àbúrò bàbá rẹ̀ ní Kútọnu fọ̀nà hàn án, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, tí fóònù ò ní iná, ọjọ́ á kọjá lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ayé á wá sọ pé "kò sí bí a ṣe lè ṣe, àfi àdáni." Bí ọmọ bá tilẹ̀ ti pinnu lọ́kàn pé àdáni lòun ń lọ, ẹ jẹ́ kó kún ti ìjọba náà. Kò sọ pé kó má lọ síbòmíràn.

Ẹ tún wo bí ó ṣe to àwọn filière rẹ̀. Ọmọ tó gba bac D pẹ̀lú 11, tó fi ìṣègùn ṣe ìkíní, tó tún fi iṣẹ́ oògùn ṣe ìkejì, ó ti ń fi àǹfààní rẹ̀ ṣòfò. Kó fi ohun tó fẹ́ jù síwájú, ṣùgbọ́n kí èyí tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó wà nínú rẹ̀.

Ilé-ìwé àdáni: ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó yẹ kí ẹ mọ̀

Àwọn ilé-ìwé àdáni tó dára wà. A ò kọ èyí láti bà wọ́n lórúkọ jẹ́. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé ìyàtọ̀ wà láàárín *autorisation*, *agrément* àti *homologation*. Èyí àkọ́kọ́ túmọ̀ sí pé wọ́n gbà wọ́n láàyè láti ṣí ilẹ̀kùn. Ìkejì ga ju ìyẹn lọ. Ìkẹta ló ga jù, òun ló fi hàn pé ìjọba ti yẹ ẹ̀kọ́ náà wò, ó sì fọwọ́ sí i. Ilé-ìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ gíga máa ń gbé àkójọ wọn jáde. Ẹ má bèèrè nípa ilé-ìwé nìkan, ẹ bèèrè nípa filière tí ọmọ yín fẹ́ gan-an, torí pé ilé-ìwé kan lè ní èyí tí ìjọba fọwọ́ sí, kó tún ní èyí tí wọn ò tíì fọwọ́ sí, lábẹ́ òrùlé kan náà.

Ohun mìíràn ni ìdánwò ìjọba. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé àdáni, ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́ta kò tó; ọmọ gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò licence tí ìjọba fúnra rẹ̀ ṣètò, kí ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ tó jẹ́ ti ìjọba. Ìbéèrè tí a gba bàbá àti ìyá níyànjú láti bi ọ̀gá ilé-ìwé lójúkorojú nìyí: "Ọmọ mélòó ni ẹ fi sílẹ̀ fún ìdánwò ìjọba lọ́dún tó kọjá nínú filière yìí, mélòó ló sì yege?" Ilé-ìwé tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á dáhùn kíá. Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi yàrá kọ̀ǹpútà hàn yín, ẹ tún un bèèrè.

Ẹ tún lè gbọ́ orúkọ CAMES. Àjọ tí àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé ní Áfíríkà dá sílẹ̀ ní 1968 ni, oríkò rẹ̀ wà ní Ouagadougou, ó sì máa ń yẹ ìwé-ẹ̀rí wò kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Ẹni tó ń rò pé ọmọ òun á ṣiṣẹ́ ní Abidjan tàbí Lomé lọ́jọ́ kan, kó bèèrè nípa rẹ̀.

Ìtàn kan ṣẹlẹ̀ tí kò tíì pẹ́. Ní òpin ọdún 2023, akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn Daily Nigerian kan kọ bí òun ṣe gba dìgírì láti ilé-ìwé kan ní Kútọnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní 2024, ìjọba Nàìjíríà dá yíyẹ ìwé-ẹ̀rí láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wò dúró. Ẹ wo ìyà tó jẹ aláìṣẹ̀: ọmọ tó fi ọdún mẹ́ta jókòó kàwé pẹ̀lú òógùn ojú rẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ ń fura sí òun náà. Ìwé-ẹ̀rí tí a rà lọ́wọ́ gíga kì í ṣe ìwé-ẹ̀rí tó níyì nítorí owó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó

Àwọn iye tó wà nísàlẹ̀ yìí, àpẹẹrẹ ni. Ẹ fi èyí tí wọ́n bá sọ fún yín rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fo ìlà kankan.

Ká ní ilé-ìwé àdáni ní Kútọnu ń gba 450 000 F lọ́dún, pẹ̀lú ìforúkọsílẹ̀ 50 000 F. Yàrá 15 000 F lóṣù, ìyẹn 180 000 F. Oúnjẹ 1 000 F lójúmọ́ fún ọjọ́ 300, ìyẹn 300 000 F. Zém lọ, zém bọ̀, 500 F fún ọjọ́ 200, ìyẹn 100 000 F. Wíwálé lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún, 40 000 F. Fọ́tòkọ́pì, íntánẹ́ẹ̀tì, ìwé, 60 000 F. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1 180 000 F lọ́dún. Fún ọdún mẹ́ta, 3 540 000 F.

Ẹ rí i pé owó tí ọmọ dárúkọ níjọ́sí, 450 000 F, kò tó ìdajì ohun tí ẹ máa san ní tòótọ́.

Ní Kétu ńkọ́? Ká ní ọmọ ò rí bourse, tó wọlé à titre payant, ká fi 200 000 F sí i. Yàrá 7 000 F lóṣù, 84 000 F. Oúnjẹ 500 F lójúmọ́, torí pé gàrí, àgbàdo àti ẹ̀wà ń ti ilé bọ̀, 150 000 F. Ọkọ̀ inú ìlú 30 000 F. Wíwálé ní oṣooṣù, 36 000 F. Fọ́tòkọ́pì àti íntánẹ́ẹ̀tì, 60 000 F kan náà. Ó jẹ́ 560 000 F lọ́dún, 1 680 000 F fún ọdún mẹ́ta. Tó bá wá rí bourse, ó tún wálẹ̀ sí i.

Láàárín méjèèjì, 1 860 000 F ló yàtọ̀. SMIG, owó oṣù tó kéré jù tí òfin gbà nílẹ̀ wa, jẹ́ 52 000 F láti oṣù kìíní 2023. Ọdún kan ní Kútọnu nínú àpẹẹrẹ wa fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ owó oṣù mẹ́tàlélógún fún ẹni tó ń gba SMIG tí kò jẹ tí kò mu nínú rẹ̀. Ti Kétu kò pé oṣù mọ́kànlá.

Àwọn kan á sọ pé ọmọ á gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, nítorí náà a ò ní san owó yàrá. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ọmọ là. Àmọ́ ẹ bá ẹni náà sọ̀rọ̀ gbangba kí ọmọ tó lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ló lọ kàwé tó di ẹni tó ń pọnmi, tó ń gbálẹ̀, tó ń ti ọjà, tó ń gbé ọmọ ilé sùn kó tó ṣí ìwé ní agogo mọ́kànlá alẹ́. Ẹni tó ń gba yàrá náà, kó mọ̀ pé láti 2018 ni òfin ti wà lórí yíyá ilé gbé, onílé kò sì lè gba ohun ìdúró tó ju owó oṣù mẹ́ta lọ. Kí ẹ sì gba ìwé.

Owó oko àti owó ilé-ìwé kì í pàdé

Èyí ni ohun tí àwọn ìwé ìtọ́sọ́nà tí wọ́n ń kọ ní Kútọnu kì í sọ, nítorí pé olówó oṣù ló kọ wọ́n. Owó tiwa ní àsìkò. Àgbàdo òjò ńlá ń wọlé ní oṣù keje sí ìkẹjọ, ti òjò kékeré ní nǹkan bí oṣù kejìlá. Kajú ń já láti oṣù kejì títí lọ. Òwú, ẹ kórè rẹ̀ tán ná, ẹ tún máa dúró de owó rẹ̀. Ilé-ìwé àdáni sì ń gba owó ní tranche: ọ̀kan nígbà ìforúkọsílẹ̀, òmíràn kí ọdún tó parí, òmíràn kí ìdánwò tó dé. Ẹni tí kò bá san, wọ́n lè lé e kúrò ní kíláàsì, tàbí kí wọ́n má pe orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò.

Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀? Bàbá á kó àgbàdo lọ sọ́jà ní oṣù kẹjọ, nígbà tí gbogbo ayé ń ta, tí owó rẹ̀ ti wálẹ̀. Tó bá ti lè tọ́jú rẹ̀ dé oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, nígbà tí oúnjẹ ti wọ́n, àpò kan náà ì bá mú owó tó pọ̀ ju ìyẹn lọ wá. Àlàfo láàárín owó méjèèjì, kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́ sínú ìwé, ṣùgbọ́n owó ilé-ìwé ni. Bí ẹ bá fẹ́ ilé-ìwé àdáni lóòótọ́, ẹ lọ bá wọn kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀, kí ẹ ní, "Àgbẹ̀ ni wá, ẹ jẹ́ ká san tranche tó pọ̀ jù ní oṣù kẹta." Àwọn kan á gbà. Kí ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀.

Yíyá owó: àwọn ilé owó kékeré tó wà lágbègbè wa sábà máa ń fẹ́ kí ẹ dá owó padà láàárín ọdún kan tàbí méjì. Ọmọ á lo ọdún mẹ́ta kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́. Oko ló máa san án, kì í ṣe ìwé-ẹ̀rí. Èsúsú àwọn ìyá sàn jù, bí wọ́n bá lè to ìgbà kíkó rẹ̀ mọ́ ìgbà tranche.

Ilẹ̀ títà ni a bẹ̀rù jù. Ẹ̀ẹ̀kan ni à ń ta ilẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ilé-ìwé máa gba owó ọdún, ó kéré tán. A ti ń rí ẹbí tó ta ilẹ̀ fún ọdún kìíní, tí kò sí ilẹ̀ mọ́ ní ọdún kejì, tí àwọn àbúrò mẹ́rin sì wà lẹ́yìn tí wọn ò tíì dé CM2. Ilẹ̀ ìdílé kì í ṣe ti bàbá nìkan. Láti ìgbà tí Code foncier ti dé ní 2013, ẹni tó bá tà á láìjẹ́ pé ẹbí fọwọ́ sí i lè fa ẹjọ́ tí yóò gùn ju ẹ̀kọ́ ọmọ náà lọ.

Nàìjíríà àti Faransé

Ibodè sún mọ́ wa, àwọn ìbátan wa wà ní Ìlárà àti Ìmẹ̀kọ, nítorí náà àwọn kan ń wo ọ̀nà Abẹ́òkúta. Èdè kò ṣòro nílé, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ni, dìgírì àkọ́kọ́ sábà máa ń gba ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún dípò mẹ́ta, ọmọ á sì ní láti wá équivalence nígbà tó bá padà. Ní 2022, àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba ibẹ̀ da iṣẹ́ sílẹ̀ láti 14 oṣù kejì dé 14 oṣù kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ, ẹ gbọ́. Owó náírà tó já láti oṣù kẹfà 2023 ti mú kí ilé-ìwé ibẹ̀ dà bíi pé ó rọ̀ fún ẹni tó ń ná sẹ́fà, ṣùgbọ́n àwọn ilé-ìwé náà ń fi kún owó wọn.

Faransé ni àlá tó ga jù. Ní oṣù kọkànlá 2018 ni ìjọba ibẹ̀ kéde pé akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe ará Yúróòpù á máa san 2 770 yúrò lọ́dún fún licence, nígbà tí ọmọ Yúróòpù ń san 170. Ìyẹn jẹ́ bíi 1 817 000 F, ó sì ti gòkè díẹ̀ láti ìgbà náà. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ló dín in kù fún àwọn àjèjì, nítorí náà ẹ bèèrè lọ́wọ́ Campus France ní Kútọnu, yunifásítì kan sí èkejì. Ṣùgbọ́n fún físà, ẹ ní láti fi hàn pé ọmọ á ní 615 yúrò lóṣù, èyí tó lé ní 403 000 F. Fún ọdún kan, ó ju 4 800 000 F lọ. Ẹni tí kò ní èyí, kó jẹ́ kí ọmọ ṣe licence nílé ná, kó wá wá bourse fún master. Nígbà yẹn ọmọ ti gbọ́n, ó sì ní ohun tó máa fi hàn.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ san owó ńlá

Ìjà yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Ní Amẹ́ríkà, yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gba owó tó kéré lọ́wọ́ ọmọ ìpínlẹ̀ náà ju ti ẹni tó ti ìpínlẹ̀ mìíràn wá, síbẹ̀ àwọn ọmọ ń sá lọ sí ilé-ìwé olórúkọ ńlá. Gbèsè ilé-ìwé tí wọ́n jẹ ìjọba àpapọ̀ wọn ti lé ní bílíọ̀nù 1 500 dọ́là. Àwọn onímọ̀ méjì, Stacy Dale àti Alan Krueger, gbé ìwádìí kan jáde ní 2002. Wọ́n fi àwọn ọmọ tí ilé-ìwé olórúkọ gbà tí wọ́n sì lọ wé àwọn tí wọ́n gbà bẹ́ẹ̀ tí wọ́n yan ilé-ìwé tí kò lórúkọ tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, owó tí wọ́n ń rí lẹ́nu iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Làákàyè àti ìfaradà tó wà lára ọmọ ló ń tẹ̀ lé e lọ síbi yòówù.

Ṣùgbọ́n a ò gbọdọ̀ fi apá kan ìwádìí yẹn pamọ́: fún àwọn ọmọ tálákà, ilé-ìwé olórúkọ ṣe ìyàtọ̀. Ó dà bíi pé ọmọ olówó ti ní ẹni tó máa ṣílẹ̀kùn fún un, ọmọ tálákà ní láti pàdé irú wọn ní ilé-ìwé. Ọmọ Idigny ni èyí bá wí. A kò lè sọ pé orúkọ ilé-ìwé ò jẹ́ nǹkan kan. Tí ilé-ìwé tó dára gan-an bá fún ọmọ ní bourse, kó lọ. Tí filière tó fẹ́ kò bá sí ní ilé-ìwé ìjọba rárá, tí ìjọba fọwọ́ sí ti àdáni, tí owó ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà níbi tí ẹ lè fọwọ́ kàn án, kó lọ. Ẹ má jẹ́ kó lọ nítorí kóòtù àti táì.

Kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ wà níbi ìṣirò náà. Ọmọ ọdún méjìdínlógún tó rí gbogbo ìlà owó náà, tí wọ́n bi léèrè pé "ìwọ náà, kí lo rò?", kì í bínú bí ẹni tí wọ́n kàn sọ fún pé "a ò lówó." Nígbà mìíràn òun gan-an ló máa sọ pé òun á ṣe licence ní Kétu, òun á sì lọ Calavi fún master.

Àwọn ìwé tó yẹ kó ti wà nílẹ̀

Kí èsì tó jáde, ẹ wá ìwé ìbí ọmọ àti ìwé ANIP rẹ̀ tó ní nọ́ńbà NPI. Lẹ́yìn èsì, ẹ gba relevé de notes àti attestation bac, kí ẹ ṣe ẹ̀dà púpọ̀. Ẹ fi àwọn ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ ka orúkọ lẹ́tà kan sí èkejì. Akọ̀wé ìgbà náà lè ti kọ "Adegbite" sínú ìwé ìbí, kí olùkọ́ kọ "Adégbitè" ní CEP, kí bac wá gbé "Adebité" jáde. Lójú wa, ẹnì kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ tó ń pín bourse, ẹni mẹ́ta ni wọ́n, àtúnṣe rẹ̀ sì lè gba oṣù púpọ̀. Ọmọ tó ṣì wà ní première ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ìyẹn fún, kí ó tó kọ orúkọ sílẹ̀ fún bac.